Lẹ́tà Inú Ìwé Báyọ́lọ́jì

Akọ̀wé ilé-ìwé wa na lẹ́tà náà sí mi láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, “Mùínátù, ìwọ náà ti ń gba lẹ́tà láti Ìbàdàn báyìí? Ṣé kì í ṣe ọkọ ló ń kọ ọ́?”

Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rín in. Oṣù karùn-ún ọdún 1984 ni. Fọ́ọ̀mù Fáìfù ni mo wà, ní ilé-ìwé àwọn obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdánwò àṣekágbá wa sì ku ọjọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí àpò lẹ́tà náà padà, mo rí i pé kì í ṣe tèmi. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí rẹ̀, wọ́n wá kọ “nípasẹ̀ Mùínátù” sísàlẹ̀. Ilé-ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ló fi í ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí bàbá mi jẹ́. Yẹ̀kínì lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, àmọ́ bí ẹ bá béèrè Yẹ̀kínì télọ̀ ní Pòrógun nígbà náà, wọ́n lè má mọ̀ ọ́n. Yẹ̀kínì ládàánì ni kí ẹ béèrè. Òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ó sì ti pè é fún ọdún mọ́kànlélógún láìgba kọ́bọ̀. Ohùn rẹ̀ a máa dún ketekete, kò sì ní gbọ̀n títí tí yóò fi dé òpin ìpè. Bàbá Richard, aládùúgbò wa tó jẹ́ onígbàgbọ́ paraku, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò ní ra aago láéláé. “Aago wo ló tún ju Yẹ̀kínì lọ? Aago tí a kì í yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀!”

Bí Bàbá bá ti mọ́ṣáláṣí dé láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá wa ló ń kọ́kọ́ dúró sí. Á ní, “Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ Alárẹ̀! Ilẹ̀ ti mọ́ o.” Èmi á jáde, màá kúnlẹ̀, á sì tún ki oríkì mi lẹ́ẹ̀kan sí i, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mi ò ka ohun tó ń ṣe yìí sí nǹkan kan nígbà náà. Mo máa ń ráhùn pé kò jẹ́ kí n sun oorun àsùnpadà.

Láti ìgbà ọyẹ́ ni ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Gbogbo àdúgbò di oníṣègùn. Ẹni kan mú orógbó wá, ẹni kejì mú oyin, ìyá mi ń fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Wọ́n ní ṣebí ìpè ló pọ̀ jù, pé ohun tí èèyàn bá ń lò ló ń gbó. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, Bàbá lọ sí ilé-ìwòsàn nílùú, wọ́n sì ní kó lọ sí Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi dígí kékeré wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí wọ́n sì gé ẹran bíńtín níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n béèrè àdírẹ́sì tí wọn yóò fi èsì ránṣẹ́ sí. Ilé wa kò ní àpótí lẹ́tà. Bàbá mọ kéú dunjú, ó tilẹ̀ máa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì ti kọ́ mi láti kà á, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá sọ fún wọn pé, “Ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé ọmọ mi. Ohun tó bá kà fún mi ni mo gbà.”

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì wa ni mo ti tú lẹ́tà náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, kò yé mi. Mo lọ gbé ìwé atúmọ̀-èdè wá, mo tún un kà, ó wá yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ wà nínú ọ̀fun bàbá mi.

Ní àdúgbò wa nígbà náà, ìgbà tí jẹjẹrẹ bá ti jẹun jìnnà ni a máa ń mọ̀ pé òun ni. Ìyá Rose, aládùúgbò wa kan, ọmú rẹ̀ jẹrà kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé, kò sì padà wá. Kò sẹ́ni tó tíì rí jẹjẹrẹ tó kéré rí. Bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, ohùn wọn á lọ sílẹ̀. Wọ́n á ní a kì í sọ fún aláìsàn pé òun ló ń ṣe é, nítorí ẹ̀rù á ti pa á kí àrùn tó pa á.

Ṣùgbọ́n ohun tí lẹ́tà náà sọ yàtọ̀. Ó ní àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní orí okùn ohùn kan ṣoṣo ló wà, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ kọjá awọ ibi tó ti hù díẹ̀ ni, kò tíì wọnú ẹran lọ. Kí Bàbá wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹbí kan bá a wá, wọn yóò fi iná ìtànṣán tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí wọ́n bá tètè ṣe é, ìrètí wà dáadáa pé yóò sàn, yóò sì mú ohùn rẹ̀ lọ sílé.

Mo ka “ọ̀sẹ̀ mẹ́fà” yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni yóò bá Bàbá lọ? Ìyá mi, Kúbúrátù, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Òkè-Ajé. Ta ni yóò wá dúró ti ìsọ̀, tí yóò sì tọ́jú àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin? Èmi náà ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyá bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní Òdògbolú, èmi ni wọ́n rán lọ tọ́jú rẹ̀, ìdánwò sì kọjá lórí mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti jáde lọ. Èmi nìkan ló padà wá jókòó sínú kíláàsì láàárín àwọn àbúrò wọn, tí wọ́n ń pè mí ní “Ìyá Àgbà.”

Bísí, ọ̀rẹ́ mi, bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Mo fi lẹ́tà náà hàn án. Ó kà á tán, ó wò mí.

Ó ní, “Ṣé wọn ò sọ pé kékeré ni?”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ohun tó kéré kì í di ńlá láàárín oṣù kan ààbọ̀, jàre. Ṣe ìdánwò rẹ ná. Ọjọ́ tó o bá parí, kó o fún wọn. Ta ló máa mọ̀ pé ó ti dé?”

Mi ò ní purọ́ fún yín, Bísí kọ́ ló kó èrò náà sí mi nínú. Ohun tí mo ti ń rò kó tó dé ló bá mi sọ síta. Mo sọ fún ara mi pé àánú Bàbá ló ń ṣe mí, pé mi ò fẹ́ kó gbọ́ orúkọ burúkú yẹn. Mo ká lẹ́tà náà sí méjì, mo fi sáàárín ìwé Báyọ́lọ́jì mi.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, Bàbá gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń gé. Ó ní, “Àwẹ̀ró, ìwé Ìbàdàn ò tíì dé?”

Mo ní, “Kò tíì dé, Bàbá.”

Ó tún béèrè ní Jímọ́ọ̀ kejì, mo tún fún un lésì kan náà. Ìrọ̀rùn tí mo fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì yà mí lẹ́nu. Ní Jímọ́ọ̀ kẹta kò béèrè mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún ìyá mi pé, “Kúbúrátù, ó jọ pé kò sí nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ohun burúkú ni, ṣebí wọn ìbá ti kọ̀wé.”

“Alihamudulilahi,” ni ìyá mi wí. Èmi ń fọ abọ́ nítòsí wọn. Ńṣe ni mo ń fọ abọ́ kan ṣoṣo yẹn lọ.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, oṣù ààwẹ̀ sì dé bá a láàárín. Ẹ̀yin náà mọ bí ìpè ṣe ṣe pàtàkì tó nínú ààwẹ̀: gbogbo ilé á gbé omi síwájú, wọ́n á máa retí ohùn ládàánì kí wọ́n tó ṣínu. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìpè, ohùn náà sì gé ní àárín. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún gé. Nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo Pòrógun gbọ́ bó ṣe ń mí gúlegúle. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọdé ti ń sín in jẹ lójú títì, tí wọ́n ń fọwọ́ di ọ̀fun, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí egungun há lọ́nà ọ̀fun. Mo lé wọn. Mo ju òkò sí ọ̀kan nínú wọn. Mo wá wọlé, mo sunkún títí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló yẹ kí n sọ lókò.

Lèmọ́mù wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó ní, “Àlùfáà Yẹ̀kínì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín pè é títí ààwẹ̀ yóò fi tán. Ẹ sinmi díẹ̀.” Bàbá ní ó dáa. Àmọ́ nígbà tí Lèmọ́mù lọ tán, ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ láìrán nǹkan kan, ó sì ń fi ọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo wọ yàrá lọ, mo ṣí ìwé Báyọ́lọ́jì náà. Ìdánwò mẹ́rin péré ló kù. Mo tún pa á dé.

Nígbà tí mo ṣe ìdánwò tó gbẹ̀yìn tán, ó yẹ kí n sáré lọ sílé, àbí? Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú lẹ́tà yẹn jáde, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ló kọ́kọ́ wò mí lójú. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún wa ti kọjá tipẹ́. Bí mo bá mú un jáde báyìí, wọ́n á mọ̀ pé mo ti gbé e pamọ́. Ẹ̀rù ìdánwò ti lọ, ẹ̀rù ìtìjú ló wá rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì burú jù ú lọ. Mo ní kí ọdún ìtúnu-ààwẹ̀ kọjá ná. Ọdún kọjá, mo tún ní kí n wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́. Báyìí ni oṣù keje lọ, tí oṣù kẹjọ sì wọlé.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ìyá mi se ìkọ́kọ́rẹ́, oúnjẹ tí Bàbá fẹ́ràn jù lọ. Ó bu ẹyọ kan sẹ́nu, ó pá a lórí. Ó ń wúkọ́, ó ń jà fún èémí, ọ̀fun rẹ̀ sì ń súfèé. Ìyá mi gbá a lẹ́yìn títí ó fi pọ̀ ọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Mo wọlé. Mo mú lẹ́tà náà jáde. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sì ka gbogbo rẹ̀, láì yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

Ohùn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. “Ọjọ́ wo ló dé?”

“Oṣù karùn-ún, Bàbá.”

Ìyá mi ké. Ó gbá mi létí, ó tún gbé ọwọ́ sókè, ó ń sọ pé, “Mùínátù! O pa á! Ìwọ tí a ní kó o máa bá wa ríran!” Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má lù ú mọ́.” Ó yíjú sí mi. “Ṣé ẹ̀rù ló bà ọ́ ni, àbí nítorí ìdánwò ni?”

Mo lè sọ pé ẹ̀rù ni. Ì bá tù ú nínú. Ṣùgbọ́n irọ́ ti tó mi.

“Méjèèjì ni, Bàbá. Ìdánwò ló ṣáájú.”

Ó mi orí. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi í sápò. Èébú kankan kò lè dùn mí tó ìyẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi dé ibùdókọ̀, èmi àti àwọn méjèèjì. Ìgbà ìjọba sójà ni, gbogbo èèyàn ló ń tò sórí ìlà nílé-ìwòsàn náà, a sì tò títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí dókítà yẹ Bàbá wò tán, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ya okùn méjì sórí bébà. Ọmọ Yorùbá ni, ó fara balẹ̀.

Ó ní, “Ẹ wò ó, lóṣù karùn-ún, ibí yìí ló wà. Kò tó orí abẹ́rẹ́. Iná ìtànṣán ni à bá fi pa á.” Ó wá fi bírò kun gbogbo àwòrán náà dúdú. “Bó ṣe wà nìyí báyìí. Ó ti wọ inú okùn kejì, ó ti wọ inú kerekere tó yí wọn ká. Kí Bàbá lè wà láàyè, a ní láti gé gbogbo àpótí ohùn kúrò.”

Ìyá mi ní, “Ẹ gé e. Ẹ sáà jẹ́ kó wà láàyè. Ohùn á wá ńkọ́?”

Dókítà náà wo ilẹ̀. “Kò ní sí ohùn mọ́, Ìyá. Ihò kan ni yóò máa gbà mí, níbí, lọ́rùn.” Ó wá béèrè, kì í ṣe tìbínú, pé, “Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá? Ṣé lẹ́tà wa ò dé ni?”

Bàbá mi yára dáhùn kí n tó lanu. Ó ní, “Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́.”

Irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi rí nìyẹn, èmi ló sì pa á fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n gbà wá láàyè láti rí i. Ó ti wọ aṣọ funfun, kò sì dé fìlà. Mi ò rí i láìdé fìlà níta rí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gba èémí jọ bí ẹni tó fẹ́ gun òkè.

“Àwẹ̀ró,” ló wí. “Àwẹ̀ró ọmọ Alárẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ o.”

Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn ohùn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tì í wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì tún gbọ́ ohùn Yẹ̀kínì ládàánì mọ́ láyé.

Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú aṣọ pẹlẹbẹ funfun tó ń bo ihò ọrùn rẹ̀. Èsì ìdánwò mi jáde láàárín ìgbà náà. Mo yege nínú iṣẹ́ méje, Báyọ́lọ́jì sì ni máàkì rẹ̀ ga jù. Mo gbé e fún Bàbá. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, ó ń gbá èjìká mi, ó sì ń la ẹnu láìsí ohun kan tó ń jáde. Èmi kò lè wo ojú rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi fi bébà yẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí kí n tó lè lò ó.

Wọ́n wá ládàánì mìíràn láti Ìjagun. Ọmọlúàbí ni, ó kàn jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kì í jìnnà. Bí ó bá ti ń pè, Bàbá á dúró sójú fèrèsé, ètè rẹ̀ á máa mì bí ó ṣe ń bá a pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́sẹ̀ kan báyìí, mo rí Bàbá Richard tó ń bọ̀ láti ọjà pẹ̀lú páálí kékeré kan lábíyá. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ fi agbádá bò ó. Aago ló rà.

Olùkọ́ ni mí báyìí, iṣẹ́ Báyọ́lọ́jì náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ àrùn yìí, ohun kan ni mo máa ń sọ fún wọn, òun náà ni mo sì ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni ìdájọ́ ikú. Èyí tí a bá tètè rí, a lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé òtítọ́ pamọ́ fún aláìsàn nítorí àánú, ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun tí ẹ ń lé kọjá ẹni tó fọkàn tán yín. Ìdánwò a máa padà wá lọ́dọọdún. Ohùn bàbá mi kò padà wá.

Títí ó fi jáde láyé, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, Bàbá kò fi oríkì mi dù mí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà nílé. Bí ó bá ti kírun tán, á mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, á kọ ọ́ ní lẹ́tà Lárúbáwá sórí pákó dúdú tó fi ń gé aṣọ, á sì fi ìka kan pákó náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi á jáde, màá kúnlẹ̀, màá sì kà á sókè fún un, nítorí òun kò lè kà á fún mi mọ́: Àwẹ̀ró ọmọ Alárẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́.